Bí A Ṣe Ń Pinnu Níwájú Ọlọ́run Nígbà Tí Ọjà Bá Dàrú

Ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 ni wọ́n kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti tán. Kó tó pé ọ̀sẹ̀ kan, lítà epo tí kò tó ₦200 ti fò kọjá ₦500 ní ọ̀pọ̀ ilé epo. Nígbà tó di àárín oṣù kẹfà, wọ́n tún tú náírà sílẹ̀ kí ọjà máa dá iye lé e. Aṣọ ni mo ń tà ní ọjà Atákúnmọ́sà, níhìn-ín ní Iléṣà. Iye tí mo bá ra ańkárá lọ́jọ́ Ajé, n kì í bá a bẹ́ẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ Ẹtì.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni ẹni tí mo ń kó ọjà lọ́wọ́ rẹ̀ l'Ékòó pè mí pé, "Màmá, ẹ wá owó yá, ẹ kó ọjà sílẹ̀, ó ṣì ń lọ sókè o." Ọmọ mi ọkùnrin ní kí n ti ìsọ̀ pa, kí n wá bá òun gbé l'Ékòó. Ọkàn tèmi ní kí n jókòó jẹ́ẹ́. Mo gbàdúrà títí, ọ̀run dákẹ́.

Ọ̀nà tí mo gbà lọ́dún náà ni mo kọ sísàlẹ̀ yìí, òun náà ni mo sì ń gbà títí dòní. Ẹ lè lò ó bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ owó, iṣẹ́, ìrìn àjò tàbí ilẹ̀ rírà. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú nínú rẹ̀ ni pé Ọlọ́run kì í bínú sí ìṣirò. Ẹni tó bá gbẹ́kẹ̀ lé E lè ṣí ìwé gbèsè rẹ̀ láìgbọ̀n, torí pé orí ìwé yẹn kọ́ ló gbé ẹ̀mí rẹ̀ lé.

Ẹ wá ìwé kékeré kan àti bírò. Ẹ má fi orí lásán ṣe é.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ sọ ọ̀rọ̀ náà di ìbéèrè kan

"Olúwa, kí ni kí n ṣe?" kì í ṣe ìbéèrè, igbe ni. Igbe dára, Ọlọ́run ń gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ẹ kò lè dá ìdáhùn rẹ̀ mọ̀ bó bá dé. Ìbéèrè gbọ́dọ̀ ní iye nínú, kó ní ọjọ́, kó sì ṣeé fi bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ dáhùn. Èyí tí mo kọ nìyí: "Ṣé kí n yá ₦500,000 láti fi kó aṣọ sílẹ̀ kí oṣù kẹjọ tó wọlé?"

Ẹ wo Dáfídì ní Kéílà, nínú Sámúẹ́lì kìíní orí 23. Sọ́ọ̀lù ń dọdẹ rẹ̀, ìlú tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà sílẹ̀ ló sì wà. Ìbéèrè méjì tó ṣe pàtó ló bi Olúwa: ṣé Sọ́ọ̀lù yóò wá? Ṣé àwọn ará ìlú yóò fà mí lé e lọ́wọ́? Olúwa ní yóò wá, wọn yóò sì fà á lé e lọ́wọ́. Dáfídì dìde, ó kúrò níbẹ̀. Nígbà tí Sọ́ọ̀lù gbọ́ pé ó ti lọ, kò wá mọ́. Mo fẹ́ràn ibẹ̀ yẹn gan-an. Ọlọ́run sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bó bá dúró, ó wá kù sọ́wọ́ Dáfídì láti gbé ẹsẹ̀ rẹ̀.

Lábẹ́ ìbéèrè náà, ẹ kọ ohun tí ọkàn yín ń fẹ́ gan-an, kó tó di pé ẹ gbàdúrà kankan. Jésù fúnra rẹ̀ sọ tirẹ̀ jáde ní Gẹtisémánì, pé kí ago náà kọjá lórí òun, kó tó wá sọ pé kí ìfẹ́ Baba ṣẹ. Èmi kọ ọ́ pé: "Mo fẹ́ yá owó náà, torí pé n kò fẹ́ kí àwọn tí ìsọ̀ wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní ọjà jù mí lọ." Ojú tì mí nígbà tí mo kà á. Ṣùgbọ́n ẹ pa ojú ewé yẹn mọ́ dáadáa, ẹ óò nílò rẹ̀ tí a bá dé ọ̀dọ̀ wòlíì.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ yọ ohun tí Ó ti dáhùn kúrò

Àwọn nǹkan kan wà tí a kì í gbààwẹ̀ lé lórí. Owó olówó, irọ́ pípa, rìbá, owó ilé ìwé ọmọ tí a ti dá, ọ̀rọ̀ tí a ò tíì bá ọkọ tàbí aya sọ. Ìwé Mímọ́ ti sọ̀rọ̀ lórí wọn. ₦120,000 wà nínú owó tí mo ń kà sí agbára mi nígbà náà. Owó àjọ ni, èmi ni olórí àjọ, oṣù tó tẹ̀ lé e ni mo máa kó o fún ẹni tó kàn. Mo yọ ọ́. Àárín ìṣẹ́jú kan ni ìbéèrè mi ti yí padà, àdúrà kankan kò sí nínú rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ kọ́kọ́ bi Í, kí ẹ tó fọwọ́ sí ohunkóhun

Àwọn ará Gíbéónì mú búrẹ́dì gbígbẹ àti ìgò awọ tó ti ya wá bá Jóṣúà, wọ́n ní ọ̀nà jíjìn làwọn ti wá. Àwọn àgbà Ísírẹ́lì yẹ oúnjẹ náà wò. Ẹ kíyè sí i pé wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò o, wọn kì í ṣe òmùgọ̀. Jóṣúà 9:14 ní wọn kò béèrè lẹ́nu Olúwa ni. Nígbà tí wọ́n fi máa mọ̀ pé ẹ̀yìnkùlé làwọn èèyàn náà ń gbé, wọ́n ti búra.

Èmi yan ọjọ́ mẹ́ta, mo gbààwẹ̀ títí di aago 12 ọ̀sán, torí pé mo ní ìfúnpá gíga, dókítà mi kò sì fẹ́ kí n fi ebi pa oògùn pọ̀. Ẹni tó bá ń lo oògùn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má pa á tì nítorí ààwẹ̀. Aago márùn-ún ìdájí ni mo ń jí. Mo ń ka ìbéèrè náà sókè, mo ń ka ohun tí mo fẹ́ sókè, mo ń ka Òwe orí kẹta láti ẹsẹ 5 sí 6, lẹ́yìn náà mo ń dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ìdákẹ́ yẹn ló ṣòro jù. Àwa tí wọ́n bí sínú ìjọ aládùúrà, ariwo ti mọ́ wa lára.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ ṣírò rẹ̀

Òṣómàáló ni bàbá bàbá mi. Ẹni tí kò bá mọ ìtàn Ìjẹ̀ṣà lè má mọ̀ ọ́n: àwọn tó ń ru aṣọ káàkiri ìlú, tí wọ́n ń tà á láwìn, tí wọ́n ń padà wá gba owó nígbà tí àgbẹ̀ bá ti ta irè oko. Bí onígbèsè bá ń yí wọn, wọn yóò lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ pé, "Òṣó ni mà á ló títí n ó fi gba owó mi." Ibẹ̀ ni orúkọ náà ti wá. Èèyàn tó gbé aṣọ fún ẹni tí kò tíì kórè, ó ní ìgbàgbọ́. Ṣùgbọ́n ó mọ ilé tó gbé e sí, ó mọ iye tó kù, ó sì mọ ìgbà tí kòkó máa ń wọ ọjà. Àwọn méjèèjì ń gbé nínú ọkùnrin kan náà láìjà.

Lúùkù 14:28 ní kí ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ilé ìṣọ́ kọ́kọ́ jókòó ṣírò owó rẹ̀. Jósẹ́fù náà, bó ṣe túmọ̀ àlá Fáráò tán ní Jẹ́nẹ́sísì 41 ló dá iye lé e: ìdá kan nínú márùn-ún irè ni kí wọ́n máa kó pamọ́ fún ọdún méje ọ̀pọ̀. Ìran náà wá láti ọ̀run, Jósẹ́fù sì fi òǹkà tẹ̀ lé e lójú ẹsẹ̀.

Bí mo ṣe ṣe tèmi nìyí. Àwọn tó fẹ́ yá mi ní ₦500,000 ń gba èlé 5% lóṣù, wọ́n ní kí n dá a padà ní oṣù 10. Ojú owó tí n ó máa san lóṣù jẹ́ ₦50,000, èlé ₦25,000, àpapọ̀ ₦75,000. Nígbà tí oṣù 10 bá fi pé, ₦750,000 ni mo ti san. Ẹ wo ẹ̀tàn tó wà nínú rẹ̀: lóṣù tó kẹ́yìn, tó jẹ́ ₦50,000 péré ló kù lọ́rùn mi, ₦25,000 náà ni èlé ṣì jẹ́, torí pé orí owó àkọ́kọ́ ni wọ́n ń ṣírò rẹ̀ lé. "Márùn-ún lóṣù" dùn létí, ìdajì owó tí a yá ló kó lọ.

Mo pín ₦75,000 sí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ó jẹ́ ₦18,750. Mo ṣí ìwé títà mi, mo ka ọ̀sẹ̀ 12 sẹ́yìn. Èrè mi, tí a bá pín in dọ́gba, kò ju ₦21,000 lọ́sẹ̀ kan lọ. Ìyẹn ni pé ₦2,250 ni yóò kù tí n ó fi jẹun, tí n ó fi wọ ọkọ̀, tí n ó fi ṣe ohun gbogbo. Ọ̀sẹ̀ tó burú jù nínú 12 náà, ₦8,000 ni mo jèrè.

Láti ìgbà náà ni mo ti ní òfin kan: owó tí n ó máa san lọ́sẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju èrè ọ̀sẹ̀ mi tó burú jù lọ. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí mo wà nínú rẹ̀ ń gba èlé 1% lóṣù. Bí mo bá yá ₦200,000 níbẹ̀ fún oṣù 10, ₦22,000 lóṣù ni, ₦5,500 lọ́sẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tó burú jù lè gbé e. Ẹni tó ń gba owó oṣù lè lo òfin yìí náà: ẹ mú oṣù tí ìnáwó pọ̀ jù lọ́dún, kí ẹ fi ohun tó kù lóṣù yẹn díwọ̀n, ẹ má fi oṣù tó dára díwọ̀n. Àwọn tó yáwó ní báńkì nígbà náà pẹ̀lú èlé tó ń yí padà mọ ohun tí mo ń sọ. Òṣùwọ̀n èlé tí ilé ìfowópamọ́ àgbà Nàìjíríà (CBN) fi ń darí èlé àwọn báńkì, tó jẹ́ 18.75% ní oṣù keje ọdún 2023 ti di 27.5% nígbà tí oṣù kọkànlá ọdún 2024 fi máa parí.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹni mẹ́ta

Ẹ wá ẹni tó mọ iṣẹ́ náà, ẹni tó mọ̀ yín, àti ẹni tí kò ní jèrè kankan bóyá ẹ ṣe é tàbí ẹ kò ṣe é. Ẹni tó pè mí láti Èkó pé kí n lọ yáwó, òun náà ló ń ta aṣọ fún mi. Èèyàn rere ni, ṣùgbọ́n kò lè jẹ́ ẹni kẹta. Ẹ fi ìwé yín hàn wọ́n, ẹ má fi ẹnu sọ ọ́, torí pé ẹnu máa ń tún iye ṣe.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Wòlíì, àlá àti àmì

Ibí ni mo fẹ́ ká dúró sí díẹ̀, torí pé ibí ni mo ti ṣubú.

Ọmọ ìjọ Christ Apostolic Church (CAC) ni mí. N kò lè gbé Iléṣà kí n sọ pé Ọlọ́run kì í sọ̀rọ̀ mọ́. Òpópónà Iléṣà sí Àkúrẹ́ yìí náà ni Àpọ́sítélì Ayọ̀ Babalọlá ti ń wa ẹ̀rọ tí ń tẹ ọ̀nà lọ́dún 1928, tí ẹ̀rọ náà kú mọ́ ọn lọ́wọ́, tó tún un ṣe títí tí kò dáhùn, tó sì gbọ́ ohùn tó pè é. Ní oṣù keje ọdún 1930, ìsọjí bẹ́ sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ ní Òkè-Oòyè, níhìn-ín ní Iléṣà, àwọn èèyàn sì rọ́ wá láti ìlú jíjìn. Ọdún 1930 náà kì í ṣe ọdún ìrọ̀rùn. Ọrọ̀ ajé gbogbo ayé ti dẹnu kọlẹ̀, owó kòkó ti já wálẹ̀, owó orí sì wà lọ́rùn àwọn bàbá wa.

Ohun tó ń dùn mí ni bí àwọn èèyàn ṣe ń fi ìtàn Bàbá náà kọ̀wé iṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n á ní, "Ṣebí Babalọlá náà fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀." Òótọ́ ni. Ẹ wo ohun tí ìpè náà sọ fún un: kò ṣèlérí ọrọ̀ fún un, owó oṣù tó dájú ló gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Láàárín ìpè yẹn àti Òkè-Oòyè, nǹkan bí ọdún méjì ni, àdúrà àti ààwẹ̀ ló kún inú rẹ̀, ó sì fi ara rẹ̀ sábẹ́ àwọn àgbà ìjọ. Èyí tí àwa ń gbọ́ lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, a ti ṣe é tán kí ọjọ́ Ajé tó mọ́.

Ní ọdún mélòó kan ṣáájú 2023, wòlíì kan sọ fún mi pé ilẹ̀ Iléṣà kò gbà mí, pé Ìbàdàn ni ògo mi wà. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mo ti gba ìsọ̀ níbẹ̀. Oṣù mọ́kànlá ni mo lò. Owó ìsọ̀ lọ, ọjà rà sọ́wọ́ mi, àwọn oníbàárà mi nílé ti wá ẹlòmíràn. Ohun tó dùn mí jù ni pé ọkàn mi ti ń sá kúrò nílé tipẹ́, nítorí ìjà tó wà láàárín èmi àti ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ mi. Èmi fúnra mi ni mo sì rò ó fún wòlíì náà lọ́sẹ̀ tó ṣáájú. Ìfẹ́ ọkàn mi ló padà wá bá mi nínú aṣọ funfun, n kò dá a mọ̀, torí pé n kò kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ pa ojú ewé àkọ́kọ́ yẹn mọ́. Bí ọ̀rọ̀ kan bá dé, àlá ni o, ìran ni o, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá jọra wọn bí ìbejì, ẹ dúró. Kò túmọ̀ sí pé irọ́ ni, ó kàn túmọ̀ sí pé ẹ nílò ẹlẹ́rìí mìíràn. Ẹ tún wò ó bóyá ẹni tó mú un wá fún yín láyè. Ọ̀rọ̀ tó bá sọ pé "lónìí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ikú", tí ó sì tún béèrè owó tẹ̀ lé e, ẹ jẹ́ kó kọjá lọ. Tẹsalóníkà kìíní 5:20-21 ní ká má kẹ́gàn ìsọtẹ́lẹ̀, ká sì dán ohun gbogbo wò. Gbólóhùn méjèèjì ni kí a dì mú.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ kì í kíyè sí. Nínú Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì orí 21, Ágábù mú àmùrè Pọ́ọ̀lù, ó fi di ara rẹ̀ lọ́wọ́ lẹ́sẹ̀, ó ní báyìí ni wọn yóò ṣe dè é ní Jerúsálẹ́mù. Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún pé kí Pọ́ọ̀lù má lọ. Ágábù kò sọ pé kó má lọ. Ohun tó máa ṣẹlẹ̀ ló sọ, àwọn ọ̀rẹ́ ló fi "má lọ" kún un. Pọ́ọ̀lù lọ, ohun tí Ágábù wí sì ṣẹ. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá sọ pé "mo rí omi lójú ọ̀nà", ẹ bi í pé kí ni ó rí gan-an, kí sì ni ìtumọ̀ tirẹ̀ tó fi kún un.

Ìgbésẹ̀ keje: Ẹ gbé ẹsẹ̀ tí ẹ lè fà padà

Ẹ má ṣe gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Pọ́ọ̀lù gbìyànjú Éṣíà, Ẹ̀mí dí i lọ́nà. Ó gbìyànjú Bítíníà, kò gbà. Ó dé Tíróásì kó tó rí ìran ará Makedóníà lóru. Ojú ọ̀nà ló wà nígbà tí ìran dé. Ẹni tó fẹ́ kó lọ sí ìlú mìíràn lè kọ́kọ́ lọ gbé oṣù kan. Ẹni tó fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀ lè gba ìsinmi lọ́dún yìí fi dán òwò náà wò.

Bó bá jẹ́ ilẹ̀ ni, kò ṣeé fà padà bọ̀rọ̀, ẹ wo Jeremáyà orí 32. Ogun ti yí ìlú ká, Ọlọ́run ní kó ra oko ní Ánátótì. Ó wọn ṣékélì fàdákà 17, ó kọ ìwé, ó pe ẹlẹ́rìí, ó fi èdìdì dì í, ó ní kí wọ́n kó ìwé náà sínú ìkòkò amọ̀ kó lè pẹ́. Ohùn Olúwa ló gbọ́, síbẹ̀ ó gba ìwé. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹbí nílùú yìí, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ìgbàgbọ́ kò nílò ìwé àti agbẹjọ́rò.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Ẹ dá ọjọ́ tí ẹ óò pinnu

Ẹ kọ ọjọ́ náà sórí ìwé láti ìbẹ̀rẹ̀. Bó bá pé, tí ohùn kankan kò sí, tí ohun tí ẹ fẹ́ ṣe kò lòdì sí Ìwé Mímọ́, tí ìṣirò gbé e, tí ẹni mẹ́ta kò rí ewu ńlá níbẹ̀, ẹ ṣe é. Jákọ́bù 4:15 kọ́ wa láti sọ pé "bí Olúwa bá fẹ́". Àwọn tó ń bá wí níbẹ̀ ní ètò: wọ́n fẹ́ lọ sí ìlú kan, kí wọ́n lo ọdún kan níbẹ̀, kí wọ́n ṣòwò. Kò ní kí wọ́n má lọ. Ohun tó kù nínú ètò wọn ló fi kún un.

Èmi yá ₦200,000 ní alájẹṣẹ́kù. N kò gba ti Èkó, n kò sì jókòó jẹ́ẹ́.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti pinnu

Owó aṣọ lọ sókè lóòótọ́ gẹ́gẹ́ bí ẹni yẹn ṣe wí. Ohun tí òun àti èmi kò rí ni pé oníbàárà kò ní ní owó tí yóò fi rà á. Oṣù kọkànlá burú, mo jèrè ₦6,000 ní ọ̀sẹ̀ kan. Mo san ₦5,500 nínú rẹ̀, a sì jẹ gàrí. Bó bá jẹ́ ₦18,750 ni mo jẹ ní ọ̀sẹ̀ yẹn ni, wọn ì bá ti kó ẹrù ìsọ̀ mi.

Ẹ máa padà sí ìwé náà lóṣù mẹ́ta mẹ́ta. Ẹ kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ síbẹ̀, tó dára àti èyí tó burú, pẹ̀lú ọjọ́. Bó bá burú, ẹ má yára sọ pé Ọlọ́run kò sí níbẹ̀, ẹ má sì yára sọ pé ọ̀tá ni. Ẹ ka ojú ewé náà láti òkè. Nígbà mìíràn ẹ óò rí ibi tí ẹ ti fo ìgbésẹ̀ kan. Nígbà mìíràn ẹ kò ní rí àṣìṣe kankan, ọdún náà ló le, ẹ sì lè sunkún níwájú Rẹ̀ láìwá ẹni tí ẹ óò dá lẹ́bi.

Lóṣù tó kọjá, ọmọ mi tún béèrè bóyá n ó wá sí Èkó. Orúnkún mi kò gbé ẹrù mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, ó sì ti bí ọmọ kejì. Mo ti kọ ìbéèrè náà sílẹ̀, mo sì ti kọ ohun tí mo fẹ́ sábẹ́ rẹ̀. Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ ni ọjọ́ kẹta ààwẹ̀ mi. Bí ilẹ̀ ọjọ́ Ajé bá mọ́, n ó ṣí ìwé títà.